Akika, Ọmọ Ìdí Ìrù, àti Iná Ọdẹ Òru

Nínú gbogbo ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú lórí ilẹ̀ ayé, akika nìkan ni ìpẹ́ bo ara rẹ̀ láti iwájú orí títí dé ṣóńṣó ìrù, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ rí i fi máa ń rò pé ìbátan aláǹgbá tàbí ọ̀nì ni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná, ó ń bí ọmọ láàyè, ó sì ń fún un lọ́mú bí ewúrẹ́ ti ń ṣe. Akika ni wọ́n ń pè é ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan a máa pè é ní aaka, àwọn mìíràn a sì pè é ní arika. Irú rẹ̀ mẹ́jọ ló wà láyé, mẹ́rin ní Éṣíà, mẹ́rin ní Áfíríkà, mẹ́ta nínú ti Áfíríkà yìí ló sì wà ní Nàìjíríà: akika oníkùn-funfun, èyí tó kéré tó sì ń gun igi, akika oníkùn-dúdú, tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, tí kì í sì fẹ́ jìnnà sí etí odò àti igbó ẹrẹ̀, àti akika ńlá, tí ń gbé orí ilẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ lè ju kílógíráàmù 30 lọ. Oníkùn-funfun, tí kì í sábà ju kílógíráàmù 3 lọ, ni àwọn ọdẹ ìwọ̀-oòrùn gúúsù mọ̀ jù, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ orí ìwé yìí dá lé jù.

Ìpẹ́ ara rẹ̀ kì í ṣe egungun. Kẹ́rátíìnì ni, ìyẹn èròjà líle tí ara ẹranko fi ń ṣe irun, pátákò, ìwo àgbáǹréré àti èékánná ọmọ ènìyàn. Ẹni tó gé èékánná rẹ̀ láàárọ̀ tó sì gbá a dànù ti gbá ohun tí wọ́n fi ṣe ìpẹ́ akika dànù, ọ̀rọ̀ yìí yóò sì tún padà wá nígbà tí ìjíròrò bá kan oògùn.

Akika kò ní eyín kankan. Ahọ́n ló fi ń jẹun, ahọ́n gígùn tín-ín-rín tí itọ́ rẹ̀ ń lẹ̀ bí àtè, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì gba inú àyà kọjá lọ sísàlẹ̀ dípò kí ó dúró sí ọ̀nà ọ̀fun bíi ti ẹranko yòókù. Lóru ni ó ń jáde, imú ló sì fi ń wá èèrà àti ikán kiri nítorí ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀. Yóò fi èékánná ọwọ́ iwájú ya òkìtì ikán tàbí igi tó ti jẹrà, yóò ti ahọ́n bọ ihò, yóò sì fà á jáde pẹ̀lú àwọn kòkòrò tó lẹ̀ mọ́ ọn. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń gbé mì ló ń bá a lọ oúnjẹ náà nínú ikùn, gẹ́gẹ́ bí òkúta inú iwe adìẹ ti ń ṣe. Oúnjẹ rẹ̀ tí kò kọjá èèrà àti ikán yìí ló mú kí ó ṣòro láti sìn ín, nítorí púpọ̀ nínú akika tí wọ́n bá tì mọ́ inú àgò ni ebi, àìsàn inú àti ìpayà ń pa kí ọjọ́ tó lọ títí. Nítorí náà ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn máa ń mú wá, pé kí wọ́n máa sin akika nínú ọgbà bí wọ́n ti ń sin ọ̀yà kí àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ lè rí i rà, kò lè ṣẹ. Akika tó bá dé ọjà, inú igbó ni ẹnìkan ti lọ gbé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ akika ti yàtọ̀ gan-an sí ti ẹran ìgbẹ́ tó kù ni ọmọ bíbí. Òkété àti ọ̀yà, ọmọ púpọ̀ ni wọ́n ń bí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọdẹ bá sì pa mélòó kan nínú wọn, àwọn tó ṣẹ́ kù á tún pọ̀ kí ọdún tó yí po. Akika kì í sábà bí ju ọmọ kan ṣoṣo lọ. Ọmọ náà a wáyé pẹ̀lú ìpẹ́ rírọ̀ tí kò tíì lè gbà á lọ́wọ́ ohunkóhun, inú ihò igi ńlá ni ìyá rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Nígbà tó bá lágbára díẹ̀, wọn a jọ máa jáde. Yorùbá ń pọn ọmọ sẹ́yìn. Akika ń pọn tirẹ̀ sí ìdí ìrù, ọmọ náà á fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ di ìpẹ́ ìyá rẹ̀ mú, ìyá á sì máa gbé e rìn láti ìdí igi kan dé òmíràn, títí tí òun náà yóò fi mọ òkìtì tó yẹ ní yíya. Oṣù mélòó kan ni ẹ̀kọ́ yìí ń gbà.

Bí ewu bá dé, ìyá kì í gbìyànjú láti sá. Yóò yí ọmọ sí abẹ́ ikùn, yóò tẹ orí mọ́ àyà, yóò ká ẹ̀yìn bò ó, yóò wá fi ìrù gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ra bí ẹni fi ọ̀já di ọmọ, tí ohun tó kù lóde kò ní ju ìpẹ́ mímú tó gun ara wọn bí páànù òrùlé. Ẹkùn á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, eyín rẹ̀ á máa yọ̀ lórí ìpẹ́, nígbà tó bá sì sú u, á sábà fi í sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí ti gba ìran akika là fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ènìyàn ní ọwọ́.

Ọdẹ òru tó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí, bí àwọn baba rẹ̀ ti ń gbé àtùpà kábáìdì, kì í dìídì jáde nítorí akika. Ẹtu ló ń wá, ojú ẹtu tí ń kọ mọ̀nà bí iná bá bà á. Bí kò bá rí ẹtu, ọ̀yà tàbí òkété á tó o. Bí ó bá wá gbọ́ tí nǹkan ń ha ewé gbígbẹ, tó sì yí iná orí rẹ̀ síbẹ̀, akika á ti ká jọ kí ó tó dé ìdí rẹ̀. Kò ní í yìnbọn. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni ṣa àgbọn, yóò sọ ọ́ sínú àpò, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ: ọta kò ṣòfò, ariwo ìbọn kò sì lé ẹran tó wà níwájú. Bí ó bá jẹ́ abo tí ń tọ́mọ, ọmọ ti wà nínú ohun tó gbé sínú àpò, ọdẹ náà sì lè má mọ̀ títí yóò fi délé, tí omi gbígbóná yóò fi tú ohun tí ẹkùn kò rí tú.

Kí àwọn ènìyàn tó lè dáàbò bo irú ẹranko bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí ń pa á, orí kókó yìí sì ni èrò àwọn tó bìkítà ti sábà máa ń ṣìnà. Ìwádìí kan tí Charles Emogor, onímọ̀ nípa ẹranko ìgbẹ́ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2025 wo agbègbè igbó Cross River ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n bá ọdẹ àti oníṣòwò ẹran tó lé ní 800 sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n sì rí ni pé kò wọ́pọ̀ kí ọdẹ jáde nítorí akika nìkan, àkọsẹ̀bá ni í sábà jẹ́ tàbí kí ó bá ẹran mìíràn wọlé. Pé nítorí ẹran rẹ̀, tó dùn lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹran lọ, ni wọ́n fi ń mú un. Pé owó ẹran náà tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin owó ìpẹ́. Àti pé nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ìpẹ́ ọ̀hún, ààtàn ni wọ́n ń dà á sí. Wọ́n fojú bù ú pé akika bí 21,000 ni wọ́n ń pa lọ́dún ní agbègbè yẹn nìkan. Ẹni tó bá ti ń kà nípa akika nínú ìwé ìròyìn fún ọdún mẹ́wàá, tí kò sí ohun mìíràn tó ń kà ju ìpẹ́ àti Ṣáínà lọ, yóò rí i pé ìkòkò ọbẹ̀ tó wà nítòsí ni kò kà sí.

Síbẹ̀ ọjà òkèèrè náà kì í ṣe ìtàn àròsọ. Bí akika Éṣíà ti ń tán lọ, àwọn oníṣòwò ìpẹ́ kọjú sí Áfíríkà, Nàìjíríà sì di èbúté tí ọ̀pọ̀ ẹrù náà ń gbà jáde, títí kan èyí tí wọ́n kó wá láti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè Singapore ṣí kọ̀nténà kan tó ti Nàìjíríà bọ̀ tó ń lọ sí Vietnam, tí ìwé rẹ̀ sọ pé ẹran màlúù tútù ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì bá tọ́ọ̀nù 12.9 ìpẹ́ akika níbẹ̀. Kò ju ọjọ́ márùn-ún lọ tí wọ́n tún mú òmíràn tí ìpẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 12.7, láti Nàìjíríà kan náà, sí Vietnam kan náà. Nínú iṣẹ́ mìíràn tí Emogor ṣe, níbi tí wọ́n ti ṣírò gbogbo ẹrù tó kan Nàìjíríà tí wọ́n gbà láàárín 2010 àti oṣù kẹsàn-án 2021, ìpẹ́ náà jẹ́ kílógíráàmù 190,407, ó sì dúró fún akika tí kò dín ní 799,343. Bí a bá pín in, akika mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni ó wà nínú kílógíráàmù ìpẹ́ kan. Èyí tí ọwọ́ bà nìkan nìyẹn.

Ìwádìí méjèèjì kò ta ko ara wọn bí wọ́n ti jọ. Ẹran ló ń mú akika kúrò nínú igbó. Ẹni tí ń kó ìpẹ́ jọ láti abúlé dé abúlé ló wá ń fi owó kún ohun tí ọdẹ ìbá ti dà nù, tí owó yẹn á sì jẹ́ kí ó túbọ̀ ṣòro fún un láti fi akika sílẹ̀ níbi tó bá a. Ẹni tó bá dí ọ̀nà èbúté nìkan ti ṣe iṣẹ́ ribiribi, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń dáná.

Ti oògùn tún wà níbẹ̀. Soewu àti Ayodele, nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lẹ́nu wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀ràn 42 ni wọ́n ń lo akika fún, lára wọn ni àìrọ́mọbí, ọgbẹ́ inú, làkúrègbé àti kí aboyún lè bí wẹ́rẹ́. Ní Ṣáínà ẹ̀wẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ti ń lo ìpẹ́ náà fún láti ọjọ́ pípẹ́ ni kí wàrà lè wá sí ọmú ìyá ọmọ. Ó yẹ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí èyí: ní ìhà ayé méjì tí kò mọ ara wọn rí, ẹranko tí kì í sábà bí ju ọmọ kan lọ, tí ń fi gbogbo ara rẹ̀ bo ọmọ náà, ni wọ́n ń pa kí ìyá mìíràn lè bímọ tàbí kí ó lè fún ọmọ lọ́mú. Kẹ́rátíìnì ni ìpẹ́ ọ̀hún, kò sì sí ìdánwò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó fi hàn pé ó ń ṣe ohun tí èékánná kò lè ṣe. Èyí kì í ṣe ẹ̀gàn sí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ewé àti egbò wọn ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti gbè lẹ́yìn. Lẹ́kùlẹ́jà tí kò ní ìpẹ́ akika ní ìsọ̀ rẹ̀ ṣì ní igba ohun mìíràn tí yóò tà. Ṣáínà fúnra rẹ̀ gbé akika lọ sí ipò ààbò tó ga jù lọ ní 2020, ó sì yọ ìpẹ́ rẹ̀ kúrò nínú àkójọ èròjà inú ìwé oògùn ìjọba lọ́dún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oògùn àpòpọ̀ kan ṣì kù nígbà náà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gùn. CITES, ìyẹn àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Washington ní 1973 lórí òwò ẹranko àti igi tí ìparun ń dojú kọ, gbé irú akika mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ sí àkójọ àkọ́kọ́ rẹ̀ níbi ìpàdé Johannesburg ní 2016, èyí tó túmọ̀ sí pé fífi wọ́n ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ti di èèwọ̀ pátápátá láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Nàìjíríà ti ní òfin tirẹ̀ láti 1985, ṣùgbọ́n owó ìtanràn ₦1,000 tó wà nínú rẹ̀ di ohun ẹ̀rín bí náírà ti ń wálẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe ní 2016 tí wọ́n sọ ọ́ di ₦5,000,000. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ àwọn aṣọ́bodè ti ń le sí i. Ní oṣù keje 2021, ní Lẹ́kkí, wọ́n gba ìpẹ́ tó ju tọ́ọ̀nù 7 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì mú àwọn àjèjì tó ni ín. Àmọ́ aṣọ́bodè kò sí ní oko kòkó ní agogo méjì òru.

Ọ̀nà ààbò tó lè dé ibẹ̀, ti àwọn tó ni igbó ni. Ní igbó ọba Omo ní Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti 1925, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń rìn, wọ́n ń tú tàkúté, wọ́n ń lé àwọn tó wá lagi, ṣùgbọ́n igbó náà ju 1,300 kìlómítà níbùú-lóròó lọ, oko kòkó sì ti wọnú rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó bá ń wá ọdẹ akika kò ní í rí i, nítorí ọdẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọdẹ ẹtu ló wà, tó bá akika lọ́nà. Ohun tí ẹ̀ṣọ́ lè dáàbò bò tààrà ni igi. Igi ńlá tó ti gbó tó sì ní ihò, tí agbégilódò kà sí igi tí kò níye lórí tàbí tí àgbẹ̀ dáná sun kí oòrùn lè rí kòkó, òun ni iyàrá tí ọmọ akika ń sùn sí kí ó tó lè gun ìdí ìrù. Oko tó bá dá irú igi bẹ́ẹ̀ méjì mẹ́ta sí ti gba ọmọ sílé, kò sì ná olóko ní kọ́bọ̀.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ọdẹ fúnra rẹ̀, níbí yìí sì ni ilẹ̀ Yorùbá ti ní ohun èlò tí kì í ṣe ti ìjọba. Èèwọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì: ìdílé tí kì í jẹ ẹran kan wà káàkiri, nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo pẹ̀lú, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pa ẹran tàbí ẹja, èèwọ̀ yìí sì wà lára ohun tó jẹ́ kí igbó náà ṣì dúró lẹ́bàá ìlú nígbà tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ ogún ayé ní 2005. Bí Olúọdẹ ìlú kan bá pe ẹgbẹ́ jọ, tí wọ́n sì fẹnu kò níwájú Ògún pé akika tí iná bá bà kò gbọ́dọ̀ wọ àpò, ìdájọ́ yẹn yóò dé ibi tí òfin Àbújá kò lè dé, nítorí àwọn tó mọ ohùn ìbọn ara wọn lóru ni yóò máa ṣọ́ ọ. Àwọn olùwádìí Cross River náà dámọ̀ràn ohun tó jọ èyí, pé kí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn gbé òfin kalẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé kí oúnjẹ tó dájú wà fún wọn. Ohun kan rọrùn nínú ọ̀rọ̀ akika tí kò rọrùn nínú ti ẹtu: kò sí ẹni tí ń fi akika nìkan bọ́ ilé, nítorí náà ohun tí èèwọ̀ náà gbà lọ́wọ́ ọdẹ kéré.

Ní ti akika tó ti dé ọjà láàyè, ọ̀ràn náà le. Ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ìlú tí wọ́n bí Olóyè Shafi Lawal Edu sí, ẹni tó dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, akika wà lára ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ti ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja. Ẹni tó bá sanwó gbà á sílẹ̀ ti ra ẹ̀mí kan, ó sì ti sọ fún ọlọ́jà pé kí ó mú òmíràn wá. Mark Ofua, dókítà ẹranko ní Èkó, wà lára àwọn tó ń gba irú wọn tọ́jú. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àgò àti abọ́ oúnjẹ. Ní Zimbabwe, níbi tí ẹgbẹ́ Tikki Hywood ti ń tọ́jú irú akika kẹrin ti Áfíríkà, tí òun náà ń gbé orí ilẹ̀, ẹranko kọ̀ọ̀kan ló ní olùtọ́jú tirẹ̀, tí yóò máa tẹ̀ lé e nínú pápá fún ọ̀pọ̀ wákàtí lóòjọ́, tí yóò dúró níbi tí akika bá dúró, tí yóò sì gba ibi tó bá gbà, nítorí akika nìkan ló mọ èèrà tí òun fẹ́ àti èyí tí òun yóò fò dá. Ọmọ tí wọ́n gbà lábẹ́ ikùn ìyá tó ti kú kò tíì mọ ìyẹn. Wàrà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún un, apá olùtọ́jú ni ó sì ń dì mú bí ìdí ìrù, títí di ọjọ́ tí yóò sọ̀ kalẹ̀, tí yóò gbóòórùn ilẹ̀, tí yóò sì fi èékánná ara rẹ̀ ya òkìtì ikán àkọ́kọ́.